Iye Owó Ẹ̀rọ Géèmù ní Ìlú Kàdúná, 2000 sí 2024

Nínú àwọn ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń tà ní Kàdúná, PlayStation tàbí Xbox, kò sí èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà. Nítorí náà, òkè òkun ni ìtàn iye owó wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2000, Sony gbé PlayStation 2 jáde ní Amẹ́ríkà ní 299 dọ́là. Nínú òwò yìí, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ kì í sábà retí èrè ńlá lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń pàdánù. Orí géèmù ni èrè wà, nítorí gbogbo ilé-iṣẹ́ tó bá ṣe géèmù fún ẹ̀rọ náà ló ń san owó àṣẹ fún Sony. Géèmù tuntun jẹ́ nǹkan bí 50 dọ́là nígbà náà. Ó di 60 láàárín 2005 sí 2006, ó sì di 70 ní 2020. Ẹ̀rọ ní tirẹ̀ máa ń dínwó nígbà náà bó ṣe ń pẹ́ lórí àtẹ. Nígbà tó fi di 2009, PlayStation 2 ti wálẹ̀ sí 99 dọ́là.

Ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà dé Kàdúná gùn. Ó ń gba èbúté Èkó wọlé, ó ń dé ọwọ́ àwọn oníṣòwò ọjà Alaba ní Èkó, kí ọkọ̀ ẹrù tó gbé e lọ sí òkè Ọya. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá kàn ló ń fi èrè tirẹ̀ lé e. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn yan tòkunbọ̀. Nígbà náà, wọ́n tún máa ń tú PlayStation 2, wọ́n á fi ohun kékeré kan sínú rẹ̀ kí ó lè ka sídì ayédèrú, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó. Àbájáde rẹ̀ ni pé oníbàárà ń jẹ àǹfààní ẹ̀rọ tí wọ́n tà láìwá èrè, kò sì san owó géèmù tí Sony gbójú lé. PlayStation 4 kò ṣe é tú bẹ́ẹ̀ nígbà tó jáde ní 2013. Láti ìgbà náà ni owó géèmù ojúlówó ti padà sí ọrùn oníbàárà.

Ohun tó lágbára jù nínú ìtàn yìí ni náírà. Bí a bá fi owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin wọn ẹ̀rọ náà, ọ̀rọ̀ á hàn kedere. Ní 2000, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 102 náírà, owó oṣù náà sì jẹ́ 5,500. PlayStation 2 gba iṣẹ́ oṣù márùn-ún ààbọ̀. Ní 2013, dọ́là jẹ́ bíi 157, owó oṣù ti di 18,000 láti 2011. PlayStation 4, tó jẹ́ 399 dọ́là, gba oṣù mẹ́ta ààbọ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun tí a wọ̀n níbí, ìgbà yẹn ló rọrùn jù. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í san 30,000 ní oṣù Kẹsàn-án 2019. Nígbà tí PlayStation 5 jáde ní oṣù Kọkànlá 2020 ní 499 dọ́là, dọ́là kan ti di 380, ó sì gba iṣẹ́ oṣù mẹ́fà àti díẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2023, ìjọba àpapọ̀ fi náírà sílẹ̀ fún ọjà. Ní òpin 2024, dọ́là ti lé ní 1,500. Iye ẹ̀rọ náà ní Amẹ́ríkà kò tíì yí padà nígbà náà, owó oṣù ní Kàdúná sì ti di 72,000, síbẹ̀ ó gba nǹkan bí oṣù mọ́kànlá. Ìṣirò yìí kò tíì ka owó ẹnubodè, owó ọkọ̀ àti èrè àwọn alágbàtà.

Kàdúná di ìlú ilé-iṣẹ́ aṣọ ní 1957, nígbà tí Kaduna Textiles Limited bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí United Nigerian Textiles ti ilẹ̀kùn ní 2007, owó oṣù gidi dá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé ní àdúgbò Kakuri àti àyíká rẹ̀. Fún ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ilé géèmù ni ọ̀nà tó kù: ẹnì kan á ra ẹ̀rọ, àwọn ọmọ àdúgbò á sì máa san owó lórí ìdíje kọ̀ọ̀kan tàbí lórí wákàtí. Owó bẹ́ńtírò jẹnẹrétọ̀ wà nínú ohun tí onílé géèmù ń kà mọ́ iye yìí. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, lítà kan kúrò ní nǹkan bí 190 náírà, ó lé ní 500.

Géèmù tí a ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò mú ìnira yìí fúyẹ́. Sony kò ní ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún Nàìjíríà, nítorí náà àwọn ènìyàn ń lo àkáǹtì Amẹ́ríkà tàbí ti Bìrìtìkó. Ní 2022, ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ dín ohun tí káàdì náírà lè ná ní òkèèrè kù sí 20 dọ́là lóṣù, àwọn mìíràn sì dá a dúró pátápátá. Géèmù tuntun sì jẹ́ 70 dọ́là nígbà náà. Ẹni tó fẹ́ rà á nígbà náà ní láti lọ ra káàdì ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, ní iye tí dọ́là bá jẹ́ ní ọjọ́ náà.