Ìgò Tòmátò àti Tánganran Jos: Ìtàn Ìkórè Kan Nígbà Ogun

Bí a bá ń kọ́ ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì ní kíláàsì, orúkọ Hitler àti Churchill ni a sábà máa ń gbọ́, àti ti àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa lọ jà ní Bọ́mà. Ìgò tòmátò ni èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó lè pa yín lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ìtàn ogun yẹn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìgò yìí ń fà mí lọ síbi tí n kò rò, títí ó fi mú mi padà wá sí Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí àgbẹ̀ ilẹ̀ òtútù ń bẹ̀rù. Ní apá àríwá Amẹ́ríkà, bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń lọ sópin, tàbí nínú oṣù Kẹwàá, òru kan á dé tí òtútù á mú débi pé ìrì orí ewé á dì bíi yìnyín. Omi inú ewé pàápàá á dì, á sì ba ewé náà jẹ́ láti inú. Tòmátò, ata, ilá àti ẹ̀wà tó tutù yọ̀yọ̀ lánàá, bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ti dúdú, wọ́n á sì rọ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì lè fara dà á díẹ̀. Àwọn yòókù, àfi kí a ká wọn kí alẹ́ ọjọ́ yẹn tó lẹ́, àtèyí tó pọ́n àtèyí tí kò pọ́n. Tòmátò tútù, wọ́n á fi ìwé ìròyìn wé e kó lè pọ́n nínú ilé, tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú ọtí kíkan àti iyọ̀.

Ní ilé tiwa, ọyẹ́ ni ọ̀rẹ́ ìyá àgbà mi. Yóò rẹ́ ilá, yóò tẹ́ ẹ sórí ẹní, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á ṣe ìyókù. Àwọn ará ibẹ̀ náà máa ń sá oúnjẹ gbẹ, ṣùgbọ́n àsìkò tí ìkórè bá wọn ni oòrùn ń rẹ̀ wálẹ̀. Ìdí rèé tí ìgò fi wúlò fún wọn tó bẹ́ẹ̀.

Ogun náà ló sì gbé ọgbọ́n ìgò yìí jáde. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Nicolas Appert, tó ń ṣe ohun dídùn tà, ló rí i pé bí a bá di oúnjẹ sínú ìgò, tí a dé e pinpin, tí a sì sè é tìgò-tìgò nínú omi híhó, kì í bàjẹ́. Ìjọba Napoleon, tó ní ọmọ ogun púpọ̀ láti bọ́, fún un ní 12,000 fránkì ní ọdún 1810, ó sì kọ ọ̀nà náà sínú ìwé fún gbogbo ayé. Ní ọdún yẹn kan náà ni Peter Durand gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa lo agolo dípò ìgò. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Appert kò mọ ìdí tí ọ̀nà rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ó tó bí àádọ́ta ọdún kí Louis Pasteur tó fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí ló ń ba oúnjẹ jẹ́. Ní 1858, John Mason ní Amẹ́ríkà ṣe ìgò tí ìdérí rẹ̀ ń yí mọ́ ọn lẹ́nu, ìyẹn ló sì gbé iṣẹ́ náà wọ ilé ìdáná gbogbo ènìyàn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé ọdún 1942. Ní oṣù Kejì ọdún náà ni àwọn ará Japan gba Singapore, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba Malaya. Ilẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ tánganran ayé ti ń wá. Agolo oúnjẹ kì í ṣe irin lásán: tánganran ni wọ́n fi ń bò ó kí ó má baà dípẹtà. Bí tánganran ṣe wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni agolo wọ́n, èyí tó sì wà, àwọn ọmọ ogun ni wọ́n ń kó o fún. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 1943, ará Amẹ́ríkà kò lè ra oúnjẹ inú agolo láìní kúpọ́ọ̀nù ìjọba lọ́wọ́.

Ìjọba wá rọ àwọn ènìyàn pé kí kálukú gbin ohun tí yóò jẹ. Wọ́n pe ọgbà wọ̀nyí ní Ọgbà Ìṣẹ́gun. Eleanor Roosevelt, ìyàwó Ààrẹ, ní kí wọ́n dá ọ̀kan sí ilé ìjọba gan-an. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 20 ọgbà ló wà ní 1943. Ṣùgbọ́n ọgbà láìsí ìgò, oúnjẹ oṣù díẹ̀ ni. Nítorí náà ni ìjọba fi fún àwọn ìyá ilé ní ṣúgà lé ní ìwọ̀n tiwọn, kí wọ́n lè fi tọ́jú èso sínú ìgò.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn, ikú sì lè wà nínú rẹ̀. Tòmátò kan lẹ́nu, nítorí náà omi híhó tó ó. Ẹ̀wà tútù kò kan, kòkòrò kan sì wà tí májèlé rẹ̀ ń pa ènìyàn, tí irúgbìn rẹ̀ kì í kú nínú omi híhó lásán. Àfi ìkòkò onídèérí líle tí kì í jẹ́ kí ooru jáde, tí ìgbóná inú rẹ̀ ń kọjá 100 dé bí 116 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irin ìkòkò yìí náà ni wọ́n nílò fún ohun ìjà! Àwọn aládùúgbò wá ń pín ìkòkò kan lò, tàbí kí wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí ibùdó tí gbogbo ìlú ti ń ṣe é pọ̀. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, ní ìdíje pẹ̀lú òtútù tí kì í sọ ọjọ́ tí yóò dé. Ní ìhà gúúsù, ilá àti ẹ̀wà erèé wà nínú ọgbà wọ̀nyẹn, àwọn ohun ọ̀gbìn tó bá àwọn ẹrú kọjá òkun láti Áfíríkà.

Ibi tí ìgò náà ti mú mi padà wálé nìyí. Nígbà tí Malaya bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yíjú sí ibi ìwakùsà tánganran ní òkè Jos. Àwọn òṣìṣẹ́ kò tó, ni ìjọba amúnisìn bá fi ipá mú àwọn àgbẹ̀ láti àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá, láti 1942 dé 1944. Iye wọn tó nǹkan bí 100,000. Ibùsùn wọn kò dára, oúnjẹ kò tó, òtútù òkè Jos sì mú ọ̀pọ̀ wọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Àìsàn kọ lù wọ́n, àwọn kan kú síbẹ̀. Tánganran tí wọ́n rí kò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

N kò sọ pé ìyá tó ń di ìgò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ̀bi ohunkóhun, nítorí òun náà ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, kò sì mọ Jos. Ṣùgbọ́n àìtó kan náà ló dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Òun, wọ́n rọ̀ ọ́, wọ́n fún un ní ṣúgà, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri láti yìn ín. Àgbẹ̀ Àríwá, wọ́n fà á kúrò lóko rẹ̀, ta ló sì bá a kó ohun tó gbìn wọlé? Mo ti rí àwòrán ìgò wọ̀nyẹn nínú ìwé, tí wọ́n tò sórí pẹpẹ, pupa, àwọ̀ ewé àti yẹ́lò. Ti àwọn tí wọ́n kó lọ sí Jos, n kò tíì rí i nínú ìwé kankan tí a ń kà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa.