Pọ́ǹpù Omi Peugeot 404 àti Àwọn Tó Ń Tú U

Fọ́ọ̀dù tó kọ́kọ́ kún ojú títì ilẹ̀ wa kò ní pọ́ǹpù omi rárá. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ńṣe ni wọ́n máa ń wò mí bí ẹni tó ń pàlọ́. Ford Model T ni mo ń wí, èyí tí Henry Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe l'Amẹ́ríkà ní 1908. Nǹkan bí 2,500 àkọ́kọ́ ní pọ́ǹpù, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Ford fi yọ ọ́ kúrò, tó ní kí omi máa rin ara rẹ̀. Èyí tó gbóná á gòkè lọ sínú rédíétọ̀, èyí tó tutù á sọ̀ kalẹ̀ padà sídìí ẹ́ńjìnnì, bí omi ṣe ń yí nínú ìkòkò tó wà lórí iná. Agbára ẹṣin 20 péré ni ẹ́ńjìnnì náà ní, nítorí náà ìrìn jẹ́jẹ́ yẹn tó o níbi ilẹ̀ títẹ́jú. Orí òkè ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Dẹ́rẹ́bà tó ru kòkó gun òkè á dúró lágbedeméjì, èéfín á máa rú níwájú ọkọ̀, ọmọ ọkọ̀ á sì gbé agolo kẹrosíìnì sọ̀ kalẹ̀ lọ wá odò.

Ayé ìgbà náà ni W. A. Dawodu, tó fi àtúnṣe kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, bọ́ sídìí mọ́tò tó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, ìgbà náà sì ni Charlotte Obasa dá ọkọ̀ akérò Anfani sílẹ̀. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ti wà nílẹ̀ wa kí pọ́ǹpù omi tó di nǹkan tí gbogbo ọkọ̀ ń gbé. Kódà Morris Minor, tó jáde ní 1948, tí àwọn tíṣà àti akọ̀wé ìjọba fẹ́ràn bí ojú, kò ní pọ́ǹpù lórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àkọ́kọ́. Ti Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá tún yàtọ̀ pátápátá: kò ní rédíétọ̀, kò ní omi, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Àwọn onímọ́tò Ìjàpá máa ń fi èyí ṣe fáàrí sí àwa oní-Peugeot. Mo gbà fún wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí ariwo rẹ̀.

Nígbà tí pọ́ǹpù wá dé, ó dé bí nǹkan tí ènìyàn lè tú. Nínú àwọn lọ́rì àtijọ́ tí ọ̀gá mi bá ṣiṣẹ́, okùn tí wọ́n fi gíríìsì pa ni wọ́n wé mọ́ ṣáàfù kí omi má baà jò, nọ́ọ̀tì ńlá kan ló sì ń tẹ okùn náà mọ́lẹ̀. Bó bá ń kán, fi sípánà yí i díẹ̀. Bí kò bá gbọ́, tú u, wé okùn mìíràn. Ibi tí a ń fún gíríìsì sí wà níta gbangba, ojú dẹ́rẹ́bà fúnra rẹ̀ tó o. Kò sí ohun tó ń jẹ́ kí a sọ pọ́ǹpù nù. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé yóò bàjẹ́, ó sì fi ọ̀nà àtiwọlé sílẹ̀ fún ẹni tí yóò tún un ṣe.

Èmi wọṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, kò pẹ́ lẹ́yìn 2 oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ tí Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ lápá òsì bọ́ sí ọ̀tún. Peugeot 404 ló gba ojú títì nígbà náà. Ilé iṣẹ́ SCOA ló ń tà á, àwọn lọ́yà àti kọ̀ǹtírákítọ̀ ń gùn ún, àwọn awakọ̀ èrò sì ń fi èyí tó gùn lẹ́yìn ná ọ̀nà Èkó. Ọdún 1960 ni Peugeot gbé e jáde ní Faransé, Pininfarina ará Ítálì ló yàwòrán ara rẹ̀. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọ̀lẹ: ó gbapò kìíní nínú ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, ó tún gbà á ní 1966, 1967 àti 1968, nínú erùpẹ̀ àti ẹrẹ̀ tó jọ tiwa.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 1,618 cc náà kò dúró ṣánṣán, ó fẹ̀yìn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bọ́lọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́ irin, orí rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù. Iwájú ibẹ̀ ni pọ́ǹpù wà, ara pọ́ǹpù yìí sì ni àwọn Faransé gbé ọgbọ́n kan sí tí mi ò tíì rí irú rẹ̀ lára ọkọ̀ mìíràn tó wọ́pọ̀ n'Íbàdàn nígbà náà. Fáànù tó ń fẹ́ rédíétọ̀ kò so mọ́ púlì. Ó jókòó sórí bẹ́árìn tirẹ̀, bẹ́líìtì lè máa yí púlì kí fáànù má sì ṣe nǹkan kan. Wáyà òòfà wà nínú púlì náà, kábọ̀n kékeré kan ló ń gbé iná bàtìrì lọ bá a. Bí omi bá gbóná kọjá bíi 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, swíìṣì kan á jẹ́ kí iná kọjá, òòfà á gbá fáànù mú, wọ́n á jọ máa yí. Bí omi bá rọlẹ̀, á tú u sílẹ̀. Síkúrù mẹ́ta ló ń ṣe àlàfo tó wà láàárín òòfà àti irin tó ń fà, àlàfo náà kò sì tó ìdajì mìlímítà kan.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò le. Ọkọ̀ tó ń sáré lójú ọ̀nà, atẹ́gùn iwájú ti tó rédíétọ̀ rẹ̀. Fáànù tó bá ṣì ń yí ń jẹ epo lásán, ó ń pariwo, ó sì ń gbo bẹ́árìn pọ́ǹpù. Inú gosiló ni ọkọ̀ ti nílò rẹ̀ jù.

Kí ni àwa ṣe sí ọgbọ́n yìí? A sọ ọ́ di dáírẹ́ẹ̀tì. Kábọ̀n á jẹ tán, tàbí wáyà swíìṣì á já, ọkọ̀ á gbóná. Rìwáyà ò sí nítòsí, oníbàárà sì ń kánjú. Mẹkáníìkì á fún síkúrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀ gbagidi títí irin á fi gbá irin mú, fáànù á sì máa yí láti ìgbà tí wọ́n bá ti tanná sí ọkọ̀ títí wọn á fi pa á. Ọkọ̀ ò ní gbóná mọ́, mẹkáníìkì á gbowó, gbogbo ènìyàn á dúpẹ́. Ọkọ̀ náà á padà wá nígbà tó bá yá, pọ́ǹpù rẹ̀ á máa dún bí ọlọ. Bẹ́árìn ti jẹ, ṣáàfù ń jó, síìlì kò lè di ojú mọ́. Bí dẹ́rẹ́bà bá tún ní kí a fún bẹ́líìtì le sí i, ọjọ́ tí fáànù máa gé ihò sínú rédíétọ̀ ti sún mọ́lé. Wọ́n á ní Peugeot ò mọ pọ́ǹpù ṣe. Irọ́ ni. Pọ́ǹpù náà ń ru ẹrù tí wọn kò dá a láti rù.

Nígbà yẹn, pọ́ǹpù tó bàjẹ́ kò dun ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jọ ní 1975, àfikún owó oṣù tí à ń pè ní owó Udoji sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àpò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. 504 rọ́pò 404, ṣùgbọ́n fáànù olóòfà bá a wá. Pọ́ǹpù tuntun wà nínú páálí ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta páàtì. Ta ló máa jókòó tú èyí tó ti gbó? Ọ̀gá mi nìkan ni mo mọ̀ tó ń ṣe é, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní ahun.

SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, ló jẹ́ kí wọ́n padà wá bá a. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ní 1987, náírà mẹ́ta kò ra dọ́là kan mọ́. Pọ́ǹpù inú páálí di ọjà olówó. Àwọn kan sá tọ Belgium, ìyẹn pọ́ǹpù tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun, tí ẹnikẹ́ni kò mọ iye ọdún tó ti lò. Ní Gate, ní ọjà Àràrọ̀mí, à ń fi ọwọ́ yí ṣáàfù rẹ̀ kí a tó sanwó, à ń fi etí gbọ́ bẹ́árìn. Àwọn mìíràn ń ra àdàmọ̀dì. Àwa tó kù wá mú ti ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀, a sì gbé e tọ àwọn tọ́nà lọ.

Àwọn tọ́nà yìí, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti kọ ìtàn wọn dáadáa. Ẹ̀rọ àlòkù kan, bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye sí, àti ọmọ tó ń da omi ọṣẹ sórí irin tó ń gbóná. Gbé ṣáàfù tó ti jẹ fún wọn, wọ́n á gbẹ́ òmíràn láti inú irin tí kì í dípẹtà. Àwọn ló mú 404 àti 504 kọjá 1990. Àwọn kan nínú wa náà sì ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ pọ́ǹpù, láàárín síìlì àti bẹ́árìn. Bí síìlì bá ń kú, omi á kán níbẹ̀ kó tó dé bẹ́árìn, kí onímọ́tò lè rí i. Mo ti tú pọ́ǹpù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí ihò yẹn pa. Wọ́n dá omi dúró lóòótọ́. Ó gba inú bẹ́árìn lọ.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé 404 rẹ̀ wá bá mi ní àìpẹ́ yìí. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní London ti ní òun á fi pọ́ǹpù tuntun ránṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi náà dá sí i: “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbé ẹ́ńjìnnì Toyota sí i fún Bàbá, kí wọ́n lè sinmi.”

Bàbá wò ó. “Ìwọ, bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ, ṣé ìyá mìíràn lo máa lọ wá?”

Mo ní kí wọ́n fi pọ́ǹpù náà sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo yọ ọ́, ìpẹtà tó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ife, hóró ata gbígbẹ sì wà nínú rẹ̀. Ẹnìkan ti da ata sí rédíétọ̀ rí kó lè dí ojú tó ń jò. Omi kànga lásán ni wọ́n ti ń bù sí i láti ọdún pípẹ́, irin àti alumíníọ̀mù sì jọ ń jẹ ara wọn nínú omi bẹ́ẹ̀. Púlà ni mo fi fa púlì, n kò jẹ́ kí òòlù sún mọ́ ọn, torí alumíníọ̀mù ló yí i ká. Kí n tó yọ abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti omi, mo wọn bó ṣe jìn sí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀: bó bá jókòó síwájú jù, á máa ha ara ilé rẹ̀, bó bá sẹ́yìn jù, kò ní ti omi dáadáa. Nọ́ńbà ara bẹ́árìn ni mo mú lọ sọ́jà, n kò dárúkọ ọkọ̀ fún wọn rárá, torí ẹni tó bá ti gbọ́ 404 á fi owó lé e. Tọ́nà gbẹ́ ṣáàfù. Èmi fi péésìtì tí a fi ń lọ fáàfù dán ojú tí síìlì ń fi ara gbò, lórí gíláàsì fèrèsé tó tẹ́jú.

Òòfà ló gbà wá lákòókò jù. Mo fi gílóòbù iná dán wáyà inú púlì wò, ó ṣì wà láàyè, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n ti sọ ọ́ di dáírẹ́ẹ̀tì. Kábọ̀n ni kò sí. Rìwáyà ẹ̀gbẹ́ mi mú ti dínámò àtijọ́ kan, ó fi fáìlì rẹ́ ẹ títí ó fi wọ ilé rẹ̀ láìfún. Mo tú síkúrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, mo fi irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo yípo. Omi kúláǹtì aláwọ̀ ewé ni mo rọ sínú rédíétọ̀, mo sì ṣàlàyé fún Bàbá pé kì í ṣe nítorí òtútù tí Ìbàdàn kò ní, ìpẹtà ló ń lé.

Bàbá tanná sí ọkọ̀, wọ́n tẹ́tí, ojú wọn yí padà. “Mẹkáníìkì, fáànù ò yí.”

“Omi ò tíì gbóná ni, Bàbá.”

“Láti 1979 ni mo ti ń gbọ́ ariwo fáànù yìí. Dá a padà sí dáírẹ́ẹ̀tì fún mi.”

Mo ní kí a jọ lọ sí Mọ́níyà ná. A kọjá Sango, ọkọ̀ ń lọ wẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ omi kò mira. Ní Òjóò, gosiló dì wá mú, oòrùn ń ta, Bàbá kò gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́ náà bó ṣe ń gòkè. Wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n máa yà sí. Nǹkan kan dún kọ́ níwájú wa, fáànù gbéra, abẹ́rẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ dáírẹ́ẹ̀tì mọ́. Wọ́n bi mí pé èló ni kábọ̀n, kí wọ́n lè ra òmíràn pa mọ́ sínú ọkọ̀.