Bátìrì Tí Kò Lómi Nínú: Ìtàn Tó Bẹ̀rẹ̀ Ní 1833

Bí fóònù bá gbóná lọ́wọ́ wa, a máa ń ní bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ bàjẹ́. A kì í sábà béèrè ohun tó wà nínú bátìrì náà tó lè gbiná. Omi kẹ́míkà kan ni, ó lè jó bí epo. Inú rẹ̀ ni lítíọ̀mù ń gbà lọ láti apá kan bátìrì sí èkejì nígbà tí a bá ń lò ó, tó sì ń gbà padà nígbà tí a bá fi fóònù sí iná.

Bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ohun líle náà lè ṣe iṣẹ́ omi yìí. Ní 1833, ní Lọ́ńdọ̀nù, Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ tó kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ ìwé dídì, yá ohun kan tí a fi fàdákà àti imí ọjọ́ ṣe níná. Bó ṣe ń gbóná sí i ni iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá sí i. Bó bá tutù, kò ní gbà mọ́. Ìyàlẹ́nu ni, nítorí irin kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí irin bá gbóná, ńṣe ni ọ̀nà ń há fún iná mànàmáná.

Ó ju àádóje ọdún lọ lẹ́yìn náà, ní 1967, kí àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà tó fi hàn pé sódíọ̀mù ń yára gba inú ohun líle kan tó dà bí àwo amọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bátìrì tí wọ́n fi ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 300 digírí kó tó ṣiṣẹ́. Ta ni yóò gbé ìyẹn sápò?

Nígbà tí Sony gbé bátìrì lítíọ̀mù jáde ní 1991, olómi ni. A ò lè bá wọn wí, nítorí omi ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá to òkúta méjì léra, ibi díẹ̀ ni wọ́n ti ń fara kanra. Ní 2016, Samsung pe fóònù Galaxy Note 7 padà káàkiri ayé nítorí pé bátìrì rẹ̀ ń gbiná.

Ní 2011 ni Ryoji Kanno àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan kéde ohun líle kan tí lítíọ̀mù ń gbà kọjá bíi pé nínú omi ló wà, láìjẹ́ pé a yá a níná. Imí ọjọ́ tún wà nínú rẹ̀. Lójú tiwa, ibí yìí ni ìtàn náà ti yí padà. Àmọ́ bí ọ̀rinrin bá kan irú ohun bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ olóró tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ló ń tú jáde. Èyí tó dà bí àwo amọ̀ kì í rùn ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n lítíọ̀mù lè hù bí abẹ́rẹ́ wọ inú ibi tó bá ti sán, kó sì so apá méjèèjì bátìrì pọ̀.

Ẹ̀yin tó ń wa alùpùpù oníbátìrì ní Kutọnu àti Lomé, olómi ṣì ni èyí tó wà lábẹ́ ìjókòó yín.