Ìmúrasílẹ̀ Ilé De Ọmọ Tuntun ní Harobanda, Ẹ̀yìn Odò Ọya

Nígbà tí aboyún bá wọ oṣù ìbí rẹ̀, ohun tí a sábà máa ń bi í ni pé: Ǹjẹ́ o ti ra aṣọ ọmọ? Ǹjẹ́ ọṣẹ àti òrí wà nílẹ̀? Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìtàn àwọn ará Harobanda ní ìlú Niamey wò, a ó rí i pé ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú ìwọ̀nyí: Bí ìrọbí bá le ní òru, ọ̀nà wo ni a ó gbà kọjá?

Harobanda ni apá ọ̀tún ìlú Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Ní èdè Zarma, ìtumọ̀ orúkọ náà ni ẹ̀yìn omi. Omi tí wọ́n ń wí kì í ṣe àjèjì sí wa, Odò Ọya wa ni, èyí tí ó ti ilẹ̀ Gínì wá, tí ó la Málì kọjá, kí ó tó dé Niamey, kí ó sì tó sọ̀kalẹ̀ wá sí Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja. Apá òsì odò ni àwọn Faransé tẹ̀dó sí. Nígbà tí wọ́n gbé olú-ìlú kúrò ní Zinder wá sí Niamey ní ọdún 1926, apá òsì náà ni wọ́n kọ́ ilé ìjọba sí. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn ńlá wà, ibẹ̀ ni ọjà ńlá wà pẹ̀lú. Ní ẹ̀yìn omi ni àwọn Zarma àti àwọn Fúlàní ti ń dáko, tí wọ́n sì ń da ẹran, ní Lamordé, ní Karadjé, ní Kirkissoye àti ní àwọn ìletò mìíràn.

Títí di ọdún 1970 kò sí afárá kankan lórí odò náà ní Niamey. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni ènìyàn fi ń sọdá, àti ọkọ̀ pẹrẹsẹ ńlá kan tí ń kó mọ́tò. Bẹ́ẹ̀ sì ni odò yìí a máa kún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Èkíní ń dé ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ilẹ̀ náà bá wọ́ erùpẹ̀ pupa sínú rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní omi pupa. Èkejì ni omi dúdú. Òjò tí ó ti rọ̀ ní ilẹ̀ Gínì láti oṣù púpọ̀ sẹ́yìn ni, tí ó rọra ń gba àárín àbàtà gbígbòòrò ilẹ̀ Málì kọjá, tí kì í sì í dé Niamey títí di nǹkan bí oṣù kejìlá tàbí oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, tí ilẹ̀ sì ti gbẹ. Àlejò tí kò bá mọ ìtàn odò yìí lè dúró létí rẹ̀ nínú ọyẹ́ kí ó máa bèèrè ibi tí omi ti wá! Ṣùgbọ́n aboyún ibẹ̀ kò lè ṣe aláìmọ̀ ọ́n. Bí oṣù rẹ̀ bá bọ́ sí àkókò omi púpọ̀, tí ọmọ sì dábùú, ọwọ́ atukọ̀ ni ẹ̀mí méjì wà.

Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ fi àìmọ̀kan nìkan pe ìbímọ nínú ilé láyé ìgbà náà. Odò ni ó wà láàárín. Jokebedi ìyá Mósè mọ irú ìdààmú yìí, nítorí etí odò ni òun pẹ̀lú ti wá ibi tí yóò tẹ́ ọmọ rẹ̀ sí. Kò sì wá ohun ọ̀ṣọ́ kan, bí kò ṣe ohun tí omi kò ní lè wọ̀.

Nínú yàrá fúnra rẹ̀, ewu tí ó tóbi jù lọ jẹ́ ohun tí ojú kò rí. Kòkòrò àrùn ipá ń gbé inú ilẹ̀ àti inú ìgbẹ́ ẹran. Bí a bá fi abẹ tí kò mọ́ gé ìwọ́ ọmọ, tàbí bí a bá fi ohun ìdọ̀tí kan dí ojú rẹ̀, ọmọ tí ó ti ń mu ọmú dáadáa lè ṣàdédé dákẹ́ ọmú mímu láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹnu rẹ̀ dì pọ̀, kí ara rẹ̀ sì máa le gbagidi. Ẹ wo bí ọjọ́ ìkómọ ti ń di ọjọ́ ẹkún nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé nígbà náà! Abẹ́rẹ́ tí a ń gún fún ìyá nínú oyún, èyí tí ń dáàbò bo ọmọ pẹ̀lú, àti abẹ tuntun fún ìbí kọ̀ọ̀kan, ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ní ọdún 2016 ni a ka orílẹ̀-èdè Niger mọ́ àwọn tí wọ́n ti borí ipá ọmọ tuntun. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n kòkòrò náà ṣì wà nínú ilẹ̀. Ẹni tí kò bá gba abẹ́rẹ́ kò sí lábẹ́ ààbò kankan.

Ọ̀ràn iná náà wà. Lọ́dọ̀ àwọn Haúsá, tí wọ́n pọ̀ ní Niamey, a máa ń fi omi gbígbóná wẹ̀ fún ìyá ìkókó fún ọjọ́ pípẹ́, a sì máa ń fún un ní ẹ̀kọ tí a fi káún sí. Ní Zaria, a tilẹ̀ máa ń dá iná sábẹ́ ibùsùn alámọ̀ tí ó ń sùn lé. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn oníṣègùn ní Zaria rí ọ̀pọ̀ ìyá tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́ lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n sì tọ́ka sí káún àti ooru yìí. Àwọn oníṣègùn Niamey pẹ̀lú rí irú àìsàn náà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lónìí bóyá àṣà náà ni ó fà á tàbí àìtó oúnjẹ, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ilẹ̀ tí oòrùn rẹ̀ ń mú tó báyìí ní oṣù kẹrin kò tún nílò iná lábẹ́ ibùsùn.

Kí àwa Yorùbá má sì ṣe dá ẹlòmíràn lẹ́bi, nítorí a ní tiwa. Àwọn ìyá wa a máa fi ọwọ́ rọ ọmọ ní omi àti àgbo láti ọjọ́ kìn-ín-ní, bóyá tìtorí pé oòrùn mú, bóyá tìtorí pé àwọn ìyá tiwọn ṣe é. Láti ọdún 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ pé ọmú nìkan tó fún oṣù 6. A sì ti wádìí rẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ gbígbóná pàápàá pé omi tí ó wà nínú ọmú tó ọmọ. Ìyá ni kí a máa fún ní omi.

Ní ọdún 1970 ni afárá dé. Owó Amẹ́ríkà ni a fi kọ́ ọ, orúkọ Kennedy, ààrẹ wọn tí a pa ní 1963, ni a sì fi pè é. Ẹ̀yìn omi wá di ara ìlú. Wọ́n kọ́ yunifásítì síbẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá sì dìde ní Lamordé, tó bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe gbogbo aboyún ni ó tún ní láti sọdá mọ́. Ní 2005 ìjọba mú owó kúrò lórí iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí. Ní 2006 wọ́n sọ ìtọ́jú aboyún àti ti ọmọdé tí kò tí ì pé ọdún 5 di ọ̀fẹ́. Ní ìparí 2005 kan náà, nígbà tí wọ́n ń tọ́ oògùn rọpárọsẹ̀ sí àwọn ọmọdé lẹ́nu, wọ́n pín àwọ̀n ẹ̀fọn tí ó lé ní mílíọ̀nù 2 jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Lójú tiwa, àwọ̀n yìí ṣáájú gbogbo aṣọ olówó ńlá tí àwọn ẹbí ń kó wá, nítorí etí odò ni Harobanda, ẹ̀fọn kì í sì í dúró de ọjọ́ ìkómọ.

Afárá kejì, tí ilẹ̀ Ṣáínà bá wọn kọ́, ṣí ní 2011; ẹ̀kẹta sì tẹ̀lé e ní 2021. Síbẹ̀ odò kò gbàgbé ilẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012 omi bo apá ọ̀tún, ọ̀pọ̀ ìdílé sì lọ ń sùn nínú ilé ẹ̀kọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ó tún wọ Lamordé, Karadjé àti Kirkissoye, ilé alámọ̀ sì wó lulẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣòwò ní ìlú náà, bí oṣù ìbí bá bọ́ sí àkókò omi pupa, ẹ wá ibùsùn tí ó ga kúrò nílẹ̀, ẹ mọ ilé ẹbí tí ẹ ó lọ ní orí òkè, ẹ bá onímọ́tò kan ṣe àdéhùn ṣáájú, kí ẹ sì di ẹrù ìkókó sójú kan: aṣọ mímọ́, abẹ tuntun, owó, àti ìwé ìlera.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìwé yẹn, nítorí ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀kan nínú àwọn tí ó lókìkí jù lọ láyé ti wá. Ní 1956 ni oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé Iléṣà, ní ilé ìwòsàn Wesley Guild. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni ó ti ń tọ àwọn ọmọ lẹ́yìn láti ọjọ́ ìbí wọn, tí ó ń wọ̀n wọ́n, tí ó sì ń fa ìlà ìdàgbàsókè wọn sórí páálí kan. Dípò kí ó kó páálí náà pamọ́ sí ilé ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà, ìyá ọmọ ni ó fi í lé lọ́wọ́ láti máa tọ́jú nínú ilé tirẹ̀. Ó sì fi í sínú àpò ọ̀rá kí omi má ba à wọ̀ ọ́.