Kàlẹ́tà Àjàṣẹ́: Ọ̀dà, Fìlà àti Àlọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Ààlọ́ o! Ó lójú, kò ṣẹ́jú. Ó lẹ́nu, kò jẹun. Ó dé fìlà, kò kí àgbà. Síbẹ̀ a fún un lówó kó tó lọ. Kí ni o?

Ọmọ Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, yóò dáhùn kíá: Kàlẹ́tà ni!

Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọdé a kó ara wọn jọ ládùúgbò. Ọ̀kan nínú wọn a wọ aṣọ tó bo gbogbo ara, a fi páálí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn bojú, a sì dé fìlà tàbí àkẹtẹ̀ lé e. Àwọn yòókù a máa lu ìlù àti agolo, wọn a máa kọrin láti ilé dé ilé. Àwa òǹwòran a máa bi ara wa pé: ọmọ ta ló wà nínú rẹ̀? Àlọ́ àpamọ̀ gan-an ni.

Àwọn kan ń sọ pé eré òyìnbó lásán ni. Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Lédè Potogí, careta ni ìbòjú, tàbí ojú tí a fún pọ̀ láti fi pani lẹ́rìn-ín. Àwọn Àgùdà ló mú un dé, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl, àti ọmọ wọn, tí wọ́n padà wá. Ní 1835, àwọn Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìde sí àwọn olówó ẹrú ní Bàhíà. Lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba lé àwọn kan kúrò, àwọn mìíràn sì wọkọ̀ fúnra wọn. Wọ́n tẹ̀dó sí Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló hàn lára Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́ tó fi ìrísí jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà. Ní Pópó Àgùdà l'Ékòó, Kàrẹ́tà ni wọ́n ń pe eré tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Fántì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ààlà kò pín in.

Ilẹ̀ tí eré náà bọ́ sí kò ṣófo. A ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde lágbàáyé ní 2001. Ère rẹ̀ kì í bo ojú. Orí ni a ń dé e sí bí fìlà, aṣọ ló ń bo ojú. Gbẹ́nàgbẹ́nà a gbẹ́ gèlè tàbí fìlà sí i, a sì fi ọ̀dà kùn ún. Ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ètùtù; Kàlẹ́tà kò ní awo, ìdí nìyẹn tí ọmọdé fi lè dá a ṣe.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ìbòjú rọ́bà tí à ń rà lọ́jà. Ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kun ìbòjú ti pa àlọ́ tirẹ̀. Èyí tó rà á, àlọ́ ẹlòmíràn ló ń pa. Lọ́dún yìí, ẹ fún wọn ní páálí, ọ̀dà àti fìlà bàbá wọn tó ti gbó. Bí wọ́n bá jó dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ fún wọn lówó, kí ẹ sì sọ fún wọn pé oko ẹrú ni àwọn tó gbé eré yìí wá ti bọ̀ wálé.

Ẹ̀yin ará Pọ́bẹ̀, Ìpókíá àti Èkó, kí ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiyín?