Ọ̀wọ́n Ẹ̀yà Ọkọ̀ àti Ọgbọ́n Àyẹ̀wò: Ìtàn Àtúnṣe Píkọ́ọ̀pù Àlòkù ní Muṣin

1. Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Nàìjíríà, ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́: òfin ìjọba lórí ọjà òkèèrè, àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ń to ọkọ̀ pọ̀. Òtítọ́ ni pé àwọn méjèèjì ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná. Ní ọdún kan náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó. Ṣùgbọ́n ìtàn ọkọ̀ kì í parí ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tí a ti tò ó. Ẹni tí ó rà á ní tuntun lè lò ó fún ọdún mẹ́rin péré. Àwọn tí ó ra àlòkù rẹ̀ lè lò ó fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogún ọdún ìkẹyìn yìí ni àkọsílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kàn. Sara Berry ṣe ìwádìí lórí àwọn mẹkáníìkì Ilé-Ifẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1985, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ọrọ̀ àti ipò ni ó gbájú mọ́, kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ àrùn ọkọ̀.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé àtúnṣe ọkọ̀ àlòkù ní Muṣin àti agbègbè rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn àìní lásán. Ìmọ̀ ni, ó ní ìlànà, ó sì ní ìtàn. Èrò wa ni pé ọ̀wọ́n ẹ̀yà ọkọ̀ ni ó fún ìlànà náà ní ìrísí tí ó ní: nígbà tí ọjà kún, pípààrọ̀ ẹ̀yà ni ó rọrùn, nígbà tí ọjà wọ́n, ìwádìí di dandan. Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀kan wà nínú ìdílé wa tí ojú wa ṣe nínú àtúnṣe rẹ̀.

2. Ilẹ̀ tí iṣẹ́ náà ti hù

Iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ kì í ṣe àlejò ní Èkó. Láàrin ọdún 1900 sí 1930 ni W. A. Dawodu, ọmọ Èkó tí ó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe tẹ́lẹ̀, ti ń kó ọkọ̀ wọlé tí ó sì ń tún un ṣe. Ibùdó iṣẹ́ rélùwéè tí ó wà ní Èbúté Mẹ́ta náà kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ bí a ṣe ń rọ irin àti bí a ṣe ń gé e.

A rò pé ààlà ìjọba wà lára ohun tí ó mú kí iṣẹ́ náà gbilẹ̀ ní Muṣin. Nígbà tí a yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1954 tí a sọ ọ́ di ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, Muṣin kù sí Ìwọ̀-Oòrùn títí di ọdún 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Láti ọdún 1955 ni ìjọba ti ń wó àwọn ilé kan ní àárín Erékùṣù Èkó, tí ó sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, tí ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí wọn jáde ní ọdún 1961, fi hàn pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò àti oníṣẹ́-ọwọ́ ni ó pàdánù oníbàárà nípa ìṣípòpadà náà. Ní Muṣin, ní òdì kejì ààlà, òfin ètò ìlú kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ilẹ̀ gbà lọ́wọ́ onílẹ̀ lè ta páànù bo orí igi mẹ́rin kí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sandra Barnes, nínú ìwé tí ó kọ lórí Muṣin ní ọdún 1986, ti ṣàlàyé bí agbára àwọn onílé àti àwọn baba ìsàlẹ̀ ṣe dìde níbẹ̀. Ohun tí a fi kún un ni pé ilẹ̀ kan náà gba mẹkáníìkì, wẹ́dà, pánẹ́ẹ̀lì-bítà, ríwáyà àti fọkanáísà mọ́ra. Ọ̀nà ọkọ̀ Agége la àárín rẹ̀ kọjá, ọkọ̀ tí ó bá sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà kò ní láti rìn jìnnà.

3. Ìgbà ọ̀pọ̀ àti ìgbà ọ̀wọ́n

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970, owó epo rọ̀bì mú kí ọjà kún. Ní ìparí ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àfikún owó oṣù tí gbogbo ayé mọ̀ sí Údójì, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì fi ra ọkọ̀. Ẹ̀yà tuntun wọ́pọ̀ nígbà náà. Bí ohun kan bá kọṣẹ́, a óò yọ ọ́ dànù, a óò sì ra òmíràn.

Ìgbà náà kò pẹ́. Owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ̀ ní ọdún 1981, nígbà tí ó sì di oṣù kẹrin ọdún 1982, ìjọba Alhaji Shehu Shagari ṣe òfin ìfúnlẹ̀kùn tí ó dín ọjà òkèèrè kù. Ìwé àṣẹ ìkọ́jàwọlé di ohun tí a ń fi ojú wá kiri. Ní ọdún 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀, náírà sì já. Ní ọdún 1985, náírà kan ṣì tó dọ́là kan; ní ọdún 1987, nǹkan bíi náírà mẹ́rin ni a ń fi gba dọ́là kan. Ọkọ̀ tuntun kúrò ní ohun tí olùkọ́ tàbí akọ̀wé lè rà. Nígbà yìí ni orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun, Tòkunbọ̀, di orúkọ ọkọ̀ àlòkù láti ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ̀yà àlòkù tí ó ń bá a bọ̀ ni a sọ ní Bẹ́líjíọ́mù, láìka ilẹ̀ tí ó ti wá gan-an sí. Ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin, tí àwọn oníṣòwò Ìgbò, pàápàá àwọn ará Nnewi, pọ̀ nínú rẹ̀, di ojúkò òwò náà.

Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ọ̀wọ́n ti bí irú ọgbọ́n yìí. Ní Kumasi, àwọn oníṣẹ́ Suame Magazine sọ àtúnṣe di iṣẹ́ ńlá ní ìgbà tí nǹkan le ní Gánà. Ní Kúbà, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí a ṣe ṣáájú ọdún 1960 ṣì wà lójú pópó fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti ti ilẹ̀kùn òwò. Síbẹ̀, kí á rí òòbẹ̀ fi rọ́pò àdán, ìdajì iṣẹ́ ni. Ìdajì kejì ni kí á mọ̀ dájú pé àdán ni ó kù, nítorí pé ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra ẹ̀yà kan kò lè fi ìméfò ra mẹ́ta.

4. Ìlànà àyẹ̀wò

Ìtàn píkọ́ọ̀pù ìdílé wa yóò mú kí ọ̀rọ̀ yìí yéni. Bàbá wa rà á ní àlòkù ní ọdún 1996 láti máa fi kó pákó. Nígbà tí ó fi di ọdún 2019, òǹkà ìrìn rẹ̀ ti kú. Rọ́bà orí bíréèkì tí ó ti jẹ tán nìkan ni a fi ń mọ̀ bí ìrìn rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kọ́sẹ̀, èéfín funfun sì ń jáde. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti kabúrétọ̀. Kò sí ìyàtọ̀. Èkejì ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì. Ara ọkọ̀ náà yá, ṣùgbọ́n kò pé oṣù mẹ́ta tí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun náà fi jóná.

Àgbàlagbà kan ní Muṣin, tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú òfin ọdún 1982, ni a gbé e lọ bá níkẹyìn. Kò kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó bi bàbá wa bóyá inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ọkọ̀ náà ti ń gbóná ni, tàbí ní ojú ọ̀nà tí ó já gaara. Bàbá wa ní inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni. Ìbéèrè kan yìí pín ọ̀ràn náà sí méjì. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀nà tí ó já gaara ni ó ti ń gbóná, rédíétọ̀ tí ó dí ni à bá kọ́kọ́ fura sí. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni afẹ́fẹ́ ìrìn kò ti sí, fáànù nìkan ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì lára.

Lẹ́yìn náà ni ó wá lo ojú. Ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì náà ti rí bí ògì, èyí tí ó fi hàn pé omi ti bá a pò. Ó yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n sórí pátákó. Ọ̀kan mọ́ tónítóní bí ẹni pé a fọ̀ ọ́, nítorí pé ooru omi ti fọ̀ ọ́ ní tòótọ́. Ẹ̀yìn èyí ni ó tó fọwọ́ kan fáànù. Fáànù 504 wa kì í ṣe èyí tí ó ń yí ní gbogbo ìgbà. Iná ni ó ń so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí ooru bá pọ̀, ẹ̀dú kékeré kan tí kò ju èékánná ọmọdé lọ ni iná náà sì ń gbà kọjá. Ẹ̀dú náà ti jẹ tán. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó ń jó jẹ́ àmì àrùn. Ẹ̀dú yìí ni àrùn gan-an.

Nígbà tí ó ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí ẹ́ńjìnnì náà kí ó tó fi irin di àwọn sílíìfù mọ́lẹ̀. Omi ló yí sílíìfù 504 ká. Bí wọ́n bá ṣí kúrò ní ìjókòó wọn, omi yóò jò sínú ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀, iṣẹ́ á sì di ìmúlẹ̀mófo. Nítorí pé ayọ́ ni orí ẹ́ńjìnnì náà, tí ooru sì máa ń mú un tẹ̀, ó fi irin títọ́ wọ̀n ọ́n, ó sì rán an lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò fá ojú rẹ̀ kí ó dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí iṣẹ́ náà ṣe tẹ̀lé ara wọn: ìbéèrè, ojú, ìdánwò tí kò ná owó, lẹ́yìn náà ni títú. Èyí tí ó wọ́n jù ni ó kẹ́yìn. Kì í ṣe inú ìwé ni ó ti kọ́ ọ. Àlàyé tí ó ṣe fún wa ni pé láàrin ọdún 1982 sí 1987, ẹni tí ó bá fi àṣìṣe ba gásíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ lè má rí òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ìṣọ́ra ìgbà ọ̀wọ́n di ìlànà iṣẹ́.

5. Ààlà ọgbọ́n náà

Àwọn kan lè sọ pé ìyìn tí a ń fún àtúnṣe yìí pọ̀ jù, nítorí pé ọkọ̀ jẹgẹdẹ ń pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Àwọn mẹkáníìkì kan wà tí wọ́n máa ń di páìpù bíréèkì ẹsẹ̀ kan pa nítorí pé ó ń jò, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró. Nígbà tí a fi máa dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988, jàm̀bá ọkọ̀ ti di ẹkún gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n inú ìlànà náà gan-an ni ìdáhùn wà. Àgbàlagbà tí a sọ ìtàn rẹ̀ yìí fi fáànù tí ó ń yí ní gbogbo ìgbà rọ́pò ti oníná láìbẹ̀rù. Síbẹ̀, ó kọ̀ láti lo rọ́bà bíréèkì àlòkù, ó ní kí bàbá wa lọ wá owó tuntun rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ó kú yóò fi wá sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Bíréèkì tí ó kú kò ní jẹ́ kí á délé. Mímọ ohun tí a kò gbọdọ̀ fi òòbẹ̀ rọ́pò wà lára ìmọ̀ náà.

6. Ìkádìí

Ní ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, náírà já láti nǹkan bíi 460 sí ohun tí ó ju 700 lọ fún dọ́là kan. Ọ̀wọ́n tún dé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀wọ́n àkọ́kọ́ kọ́ lọ́gbọ́n ti ń darúgbó, àwọn mìíràn ti lọ. Bàbá tí a kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ yìí kú ní ọdún 2022. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó kù sí ìsọ̀ náà nígbà ìkẹyìn, kò sì tíì gba òmìnira.

Ilé-iṣẹ́ tí ó to 504 pọ̀ ní Kàdúná ti dá ṣíṣe rẹ̀ dúró tipẹ́; àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà. Àwọn tí wọ́n mú ọkọ̀ náà rìn lẹ́yìn ìgbà náà kò ní àkọsílẹ̀ kankan àyàfi ọwọ́ wọn. A dábàá nítorí náà pé kí ẹ̀ka wa ka ìsọ̀ mẹkáníìkì kún ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ti lè gba ẹ̀rí, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbà á ní ààfin àti ní ilé ìfìwépamọ́, kí a sì tètè bẹ̀rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù wa ṣì ń kó pákó. Nígbà tí ó bá tún bàjẹ́, àwa ni yóò kàn láti mọ ìbéèrè tí a ó kọ́kọ́ bi í.