Àwòrán Àtẹ: Ìtàn Fọ́tò Tí A Ń Yà Láti Òkè

Bàtà, aago ọwọ́, ìwé kan, ife kọfí: gbogbo wọn wà létòlétò lórí tábìlì bí ọjà lórí àtẹ, onífọ́tò sì na kámẹ́rà sókè wọn, ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé Instagram ló bí àṣà yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1843, Anna Atkins, obìnrin ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ń tẹ́ koríko inú òkun sórí bébà tó ti fi kẹ́míkà pa, ó ń sá a sóòrùn. Bó bá fi omi ṣàn án tán, bébà á di búlúù, ibi tí koríko bò á sì funfun, bí ibi tí ẹ̀kọ bò ṣe ń funfun lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Kò lo kámẹ́rà rárá, ṣùgbọ́n bó ṣe tẹ́ nǹkan náà la ṣì ń tẹ́ ẹ.

Ní Paris lọ́dún 1960, oníṣẹ́ ọnà kan, Daniel Spoerri, fi gọ́ọ̀mù lẹ àwo àjẹkù oúnjẹ mọ́ pátákó, ó sì gbé e kọ́ ara ògiri, bí ìgbà tí èèyàn ń wo tábìlì láti òkè. Òun kò to nǹkan kan o. Bí wọ́n ṣe jẹun sílẹ̀ ló fi í sílẹ̀.

Agbálẹ̀ kan ló kọ́ wa ní títò. Lọ́dún 1987, Andrew Kromelow ń ṣiṣẹ́ níbi tí ayàwòrán ilé Frank Gehry ti ń kan àga fún ilé iṣẹ́ Knoll ní Amẹ́ríkà. Irinṣẹ́ tí wọ́n bá lò kalẹ̀, á kó wọn jọ, á tò wọ́n kí òòró bá òòró, kí ìbú bá ìbú, kó lè rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí pé àga tí wọ́n mọ Knoll mọ́ kún fún igun, ó pe iṣẹ́ náà ní knolling. Tom Sachs, oníṣẹ́ ọnà tó bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, sọ ọ́ di òfin nínú ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Lójú tèmi, orúkọ agbálẹ̀ yìí ló yẹ kó ṣáájú ti Sachs.

Lọ́dún 2010, onífọ́tò Carl Kleiner ya ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ẹyin láti òkè fún ìwé oúnjẹ ilé iṣẹ́ IKEA. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni Instagram jáde. Fọ́tò tí òòró àti ìbú rẹ̀ dọ́gba nìkan ló ń gbà, irú férémù bẹ́ẹ̀ sì bá tábìlì tí a wò láti òkè mu ju ilé tàbí ènìyàn tó dúró lọ. Ọdún 2015 ló tó gba fọ́tò gbọọrọ. Àṣà ti mọ́ni lára nígbà náà.